Bí Ẹ Ṣe Lè Lu Ìlù Oníméje Kí Àwọn Èèyàn Sì Jó Sí I

Níbi ìdána kan ní Òkè-Fíà, níbí ní Òṣogbo, ẹgbẹ́ wa gbé orin kan jáde tí a ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbára dì fún. Ìró méje ló wà nínú ìyípo rẹ̀, ìyẹn kí ó tó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kò pé mẹ́jọ, kò sì dín sí mẹ́fà. Ó dùn gan-an létí àwa tí à ń lù ú. Ìyá ìyàwó ti ń jó bọ̀ lọ́dọ̀ wa, owó tí wọ́n fẹ́ ná fún wa wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ẹsẹ̀ náà sì dúró síbẹ̀, wọn ò mọ ìgbà tí wọn ó sọ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wò wá, wọ́n yí padà lọ sí ìjókòó wọn. Àwọn ẹbí tó tẹ̀ lé wọn náà ṣẹ́rí padà.

Ìyá yẹn mọ ijó ju gbogbo wa lọ. Àwa la ò tẹ́ ilẹ̀ fún wọn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá bí a ṣe lè tẹ́ ilẹ̀ yẹn, ohun tí mo sì kọ síbí ni ọ̀nà tí ẹgbẹ́ wa ń tọ̀ báyìí ní òde ìsọmọlórúkọ, òde ìyàwó àti òde òkú àgbà. Bí ẹ bá ní agogo kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan àti ẹsẹ̀ méjì, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Ẹ kọ́kọ́ fọkàn balẹ̀: etí wa ti mọ̀ ọ́n

Àwọn kan á ní ìlù tí kò bá pín sí mẹ́rin-mẹ́rin, ti òyìnbó ni. Ẹ fetí sí agogo kóńkóló tí à ń lù láti ayébáyé. Ìró méjìlá ló wà nínú ìyípo rẹ̀, ẹ̀ẹ̀meje sì ni ọ̀pá ń ba agogo. Ẹ wo iye ìró tó wà láti ìgbà tí ọ̀pá bà á títí di ìgbà tí yóò tún bà á: méjì, méjì, ọ̀kan, méjì, méjì, méjì, ọ̀kan. Kò dọ́gba rárá. Síbẹ̀, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn á máa mi ìdí sí i lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lọ́jà.

Ní Bùlùgáríà, ijó kan wà tí wọ́n ń pè ní rachenitsa, ìró méje ni: méjì, méjì, mẹ́ta. Àwọn ará Gíríìsì ní kalamatianos, méje náà ni, ṣùgbọ́n mẹ́ta ló ṣáájú: mẹ́ta, méjì, méjì. Arúgbó àti ọmọdé ló ń jó wọn níbi ìgbéyàwó, kò sì sí ẹni tó ń kà á lẹ́nu nínú wọn. Àwọn ará Tọ́kì fún irú ìlù báyìí ní orúkọ kan, aksak, ìyẹn ni ohun tó ń tiro. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tiro yẹn sọ́kàn, a óò padà bá a nígbà tó bá kan ẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ pín in sí ẹsẹ̀ kúkúrú àti ẹsẹ̀ gígùn

Ìró méjì jẹ́ ẹsẹ̀ kúkúrú kan. Ìró mẹ́ta jẹ́ ẹsẹ̀ gígùn kan. Ohun tí ẹ nílò kò ju méjèèjì yìí lọ. Márùn-ún jẹ́ gígùn kan àti kúkúrú kan. Méje jẹ́ kúkúrú méjì àti gígùn kan. Mẹ́sàn-án tí mò ń sọ jẹ́ kúkúrú mẹ́ta àti gígùn kan. Mọ́kànlá jẹ́ kúkúrú mẹ́rin, kí gígùn kan wà láàárín wọn.

Ẹ má ṣe kà á lẹ́nu. Mo mọ̀ pé kíkà ni gbogbo ìwé orin fi ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú rẹ̀ ní Yorùbá kí ẹ wò ó: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà, èje. Ìró ẹnu méjì-méjì ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tó ka méje tán, ẹnu yín ti wí mẹ́rìnlá, ahọ́n á máa sáré lé ìlù, kò sì ní bá a. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó bá ń kà kì í gbọ́ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Méje ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe márùn-ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé márùn-ún kéré sí i. Ẹsẹ̀ yín ni yóò sọ ìdí rẹ̀ fún yín ní ìgbésẹ̀ kẹta.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá gbólóhùn kan fún un

Ibí yìí ni iṣẹ́ gan-an wà.

Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun kò jìnnà sí Òṣogbo, ìlú àwọn ọmọ Àyàn ni, bàtá àti dùndún jẹ́ iṣẹ́ ìdílé fún wọn. Mo lọ bá bàbá onílù kan níbẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, báwo ni mo ṣe lè kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi láti máa ka méje?"

Bàbá ò wí nǹkankan fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n mú gángan wọn, wọ́n fi há abíyá. Wọ́n ní, "Kí ni ìlù náà ń wí?"

Mo ní kò wí nǹkankan, pé méje ṣáà ni.

"Tí kò bá wí nǹkankan, kí ni ẹni tó ń jó yóò dá lóhùn?"

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lọ́jọ́ náà ni, ẹ̀rẹ̀ wà lójúde, adìyẹ ń gbọn ìyẹ́. Bàbá wo ìta, wọ́n sì fi gángan wí pé: *Ilẹ̀ tutù, òjò rọ̀.*

Ẹ pè é ketekete. I-lẹ̀, méjì. Tu-tù, méjì. Ò-jò-rọ̀, mẹ́ta. Méje ló dé yẹn. Ẹ wá fi ohùn dò, re, mí gbé e: re dò, re dò, dò dò dò. Ẹsẹ̀ kúkúrú kọ̀ọ̀kan ń sọ̀kalẹ̀ láti re sí dò, ẹsẹ̀ gígùn sì dúró sí dò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tí kò tíì gbọ́ irú ìlù bẹ́ẹ̀ rí á mọ̀ pé ibi tí ohùn ti jókòó sílẹ̀ ni òpin, kò sì sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti ṣàlàyé fún un.

Gbólóhùn kan yìí ni a fi ń lu gbogbo rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ẹ yí i po, *Òjò rọ̀, ilẹ̀ tutù*, mẹ́ta, méjì, méjì ló dà yẹn, bíi ti àwọn ará Gíríìsì. Ẹ fi tutù kan kún un, *Ilẹ̀ tutù, tutù, òjò rọ̀*, mẹ́sàn-án nìyẹn: irú èyí tí Dave Brubeck, olórin jáàsì ará Amẹ́ríkà, gbọ́ lọ́wọ́ àwọn olórin ìgboro ní Tọ́kì ní 1958. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà lẹ́yìn, *Ilẹ̀ tutù, òjò rọ̀, ilẹ̀ tutù*, mọ́kànlá nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń lu kopanitsa ní Bùlùgáríà. Fún márùn-ún, *Ìyàwó ti dé* là ń lò: dò dò mí, re mí. Ó tọ́ sí òde wa, ó sì ń mú àwọn obìnrin dìde.

Ohun kan wà tó ti dà wá láàmú gan-an nínú gbólóhùn. Ìró tí ẹnu ń wí ni kí ẹ kà, kì í ṣe lẹ́tà tó wà lórí ìwé. A ti fìgbà kan fi *Wá wo ìyàwó* lu márùn-ún. Lórí ìwé, márùn-ún ló pé. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn elégbè, wo àti ìyàwó máa ń so pọ̀ di "wòyàwó" nígbà tí orin bá gbóná, ó sì di mẹ́rin. Ìlù wà ní márùn-ún, ohùn wà ní mẹ́rin, orin sì túká. Nítorí náà, ẹ yan gbólóhùn tí fáwẹ̀lì kò ti ní gbé fáwẹ̀lì mì láàárín ẹsẹ̀ kan. Ibi tí ẹsẹ̀ kan bá ti parí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀ kò léwu tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé agogo yóò dá wọn yà.

Ẹ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí orin tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fi mí gbé *ilẹ̀* tó yẹ kó sọ̀kalẹ̀ sí dò, ilé ni gángan ń wí yẹn. Àwọn àgbà tó wà lóde á gbọ́ pé ilé ló tutù, wọn á sì máa wo ara wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ rìn ín kí ẹ tó lù ú

Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ìlù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ dìde, ẹ tò, ẹ máa rìn yí yàrá ká, kí ẹ sì máa wí gbólóhùn náà. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sílẹ̀ lórí *i*, ẹsẹ̀ òsì lórí *tu*, ẹsẹ̀ ọ̀tún lórí *ò*, kí ẹ sì dúró lé e títí *jò rọ̀* yóò fi kọjá. Lórí *jò*, kí orúnkún rọ̀ díẹ̀. Lórí *rọ̀*, kí èjìká dìde láti múra sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ tó ń bọ̀. Ìrọ̀sílẹ̀ orúnkún yẹn ni ijó náà. Ẹni tí kò bá ṣe é, yóò dúró gbagidi lórí ẹsẹ̀ kan bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹsẹ̀. Ìyípo kìíní: ọ̀tún, òsì, ọ̀tún-gígùn. Ìyípo kejì: òsì, ọ̀tún, òsì-gígùn. Nítorí pé ẹsẹ̀ mẹ́ta ló wà nínú méje, ẹsẹ̀ gígùn ń pààrọ̀ láti ọ̀tún sí òsì. Ara ń lọ sọ́tùn-ún, ara ń lọ sósì, gẹ́gẹ́ bí ijó tiwa ṣe fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n nínú márùn-ún, ẹsẹ̀ méjì péré ló wà: gígùn, kúkúrú, gígùn, kúkúrú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni yóò máa gba gígùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹni tó ń jó á sì máa tiro. Mẹ́sàn-án náà rí bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní. Mọ́kànlá ní márùn-ún, ó sì ń pààrọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ fi méje bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá dé orí márùn-ún, ẹ lè fò díẹ̀ ní ìparí ìyípo kejì kí ẹsẹ̀ lè pààrọ̀, tàbí kí ẹ jẹ́ kí títiro náà jẹ́ ẹwà ijó. Mo ti rí àwọn ọmọdébìnrin tó fi títiro yẹn dá àrà tí mi ò lè kọ́ ẹnikẹ́ni.

Nítorí pé méjì ni ẹsẹ̀ fi ń padà sílé, ìyípo méjì-méjì ni kí ẹ fi kọ ìlà orin kọ̀ọ̀kan. Ìlà tó bá gba ìyípo mẹ́ta á já ẹni tó ń jó sórí ẹsẹ̀ tí kò tọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo nìkan

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń gba gbogbo ìró méje dọ́gba-dọ́gba, kò gbọ́dọ̀ ṣe àrà kankan. Agogo ń gba orí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹ̀ẹ̀mẹ́ta: ẹnu kékeré, ẹnu kékeré, ẹnu ńlá. Ẹnu ńlá ni ti ẹsẹ̀ gígùn.

Ẹ gbé metronome orí fóònù, ohun tó ń dún láti fi ìyára orin hàn, sí 120 nínú ìṣẹ́jú kan, kí ìdún kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìró kan. Nígbà tí ó bá mọ́ ara, ẹ máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé 240. Níbẹ̀, ẹsẹ̀ kúkúrú á gba ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, ìyẹn sì bá ìrìn ijó ọ̀pọ̀ èèyàn mu. Tí ó bá lọra jù, ẹsẹ̀ gígùn á gùn títí ara á fi tutù. Ẹ má kọjá ìgbésẹ̀ yìí títí ẹni tó ń lu agogo yóò fi lè máa bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ láìṣìnà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìlù ńlá tó ń rìn gbọọrọ

Ohun tó dá owó náà padà sọ́wọ́ wa lóde nìyí, kí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ní oṣù kẹjọ, lọ́jọ́ tí Arugbá bá ń gbé igbá Ọ̀ṣun láti ààfin Àtáọ́ja lọ sí Igbó Ọ̀ṣun, ẹ má wo ọwọ́ àwọn onílù. Ẹ wo ẹsẹ̀ èrò. Bàtá ń ké lọ́tùn-ún, dùndún ń wí tirẹ̀ lósì, agogo ń dún lẹ́yìn, síbẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn náà ti rí ohun kan ṣoṣo tó dọ́gba nínú ariwo yẹn, òun ni wọ́n ń tẹ̀ lọ. Ẹni tó ń jó lè gba ohun tó ṣòro sétí, bí ó bá ti ní ohun tó rọrùn lábẹ́ ẹsẹ̀.

Nínú oníméje, ohun tó rọrùn náà ni dúrọ́ọ̀mù ńlá tí à ń fi ẹsẹ̀ lù. Kó máa dún lẹ́yìn ìró méjì-méjì, láìbìkítà fún ibi tí ìyípo parí sí. Nínú ìyípo kìíní, yóò bọ́ sórí ìró 1, 3, 5 àti 7. Nínú ìyípo kejì, yóò bọ́ sórí 2, 4 àti 6. Lẹ́yìn náà yóò padà sórí 1. Ẹ̀ẹ̀meje ló dún nínú ìyípo méjì, gbogbo rẹ̀ sì dọ́gba.

Ẹ wá fi wé agogo, tó ń dún lórí 1, 3 àti 5 nígbà gbogbo. Nínú ìyípo kìíní, ìlù ńlá àti agogo jọ ń wí ohun kan náà. Nínú ìyípo kejì, ìlù ńlá bọ́ sí àárín agogo ní gbogbo ìgbà, wọ́n ń ta ara wọn nídìí. Lẹ́yìn náà wọ́n tún pàdé. Ìjà àti ìlàjà yìí ló ń gbé ara sókè. Ẹni tí kò mọ̀ pé méje là ń lù á máa tẹ ìlù ńlá lọ ní tirẹ̀, kò ní kọsẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ràn á máa tẹ agogo. Àwọn méjèèjì lè jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni márùn-ún: 1, 3, 5 nínú ìyípo kìíní, 2 àti 4 nínú ìkejì.

Kí ẹni tó ń lu dúrọ́ọ̀mù má jẹ́ kí agogo tì í. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ti wa máa ń tẹ̀ lé agogo láìmọ̀, gbogbo rẹ̀ a sì dojú rú ní ìyípo kejì. Ohun tó gbà wá ni pé ó jókòó, ó fi ẹsẹ̀ lu ti rẹ̀, ó sì ń fi ẹnu wí *Ilẹ̀ tutù, òjò rọ̀* títí méjèèjì fi gbé inú ara kan.

Ìyókù ohun èlò

Gìtá báàsì: ohùn kan lórí *i*, ohùn tó gùn jù lórí *ò*, kí ó sì dákẹ́ lórí *rọ̀*. Kíbọ́ọ̀dù: ẹ wá ìlà kúkúrú kan, kí ẹ má yí i padà. Nínú Take Five, orin oní-márùn-ún tí Paul Desmond kọ, tí ẹgbẹ́ Dave Brubeck gbà sílẹ̀ ní 1959, ìlà pìánò kan náà ló ń yí lábẹ́ gbogbo àrà tí Joe Morello ń fi dúrọ́ọ̀mù dá. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fò, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ dúró.

Elégbè: gbólóhùn ìlù náà ni kí wọ́n fi máa gbe orin, kò sí òmíràn. Kí lílé ṣe bó ṣe wù ú. Bí àwọn tó wà lóde bá ti bá yín gbe *Ilẹ̀ tutù, òjò rọ̀* lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ẹsẹ̀ wọn ti mọ̀ ọ́n.

Ìyáàlù ni kó wọlé kẹ́yìn. Ẹ má so ó mọ́ ìró méje. Ó ní oríkì tí yóò kì, ó ní ẹni tí yóò pè lórúkọ, ọ̀rọ̀ sì ní gígùn tirẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mò ń bẹ onílù wa fún ni pé ibi yòówù kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbà, kó parí rẹ̀ sórí *ò*, kó bá ẹnu ńlá agogo balẹ̀ pọ̀.

Bí ẹ ṣe máa gbé e dé òde

Ẹnì kan ti sọ fún mi pé irú ìlù yìí yóò ba àṣà jẹ́. Ní ìlú tí Dúró Ládipọ̀, òṣèré orí ìtàgé, ti ṣí ilé iṣẹ́ ọnà Mbárí Mbáyọ̀ ní 1962, tó sì gbé bàtá gun orí ìtàgé, mi ò rò pé ó yẹ kí a máa bẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Ohun tí òde kì í gbà ni kí ẹ kéde rẹ̀. Ẹ má gba makiróòfóònù láti sọ pé ìlù àrà ọ̀tọ̀ ló ń bọ̀. Gbogbo èèyàn á jókòó láti gbọ́ yín.

Inú wọ́rọ̀ ni kí ẹ gbà wọlé, wọ́rọ̀ tó rọra, kì í ṣe èyí tó ń sáré. Wọ́rọ̀ ń rìn ní mẹ́ta-mẹ́ta, nítorí náà ẹsẹ̀ gígùn ti wà lára àwọn tó ń jó tẹ́lẹ̀. Kí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ má yí padà rárá, ìró kan náà ni kó máa gbọ̀n. Kí gbogbo ìlù yòókù dákẹ́. Kí ẹsẹ̀ ìkẹyìn wọ́rọ̀ dúró fún *òjò rọ̀*, kí agogo sì bọ́ sórí *ilẹ̀ tutù*. Ẹ jẹ́ kí agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan lọ fún ìyípo mẹ́jọ, kí ìlù ńlá tó wọlé, lẹ́yìn náà elégbè, lẹ́yìn náà ìyókù.

Kí ẹnì kan nínú yín máa wo ẹsẹ̀ nìkan. Tí ẹsẹ̀ bá dúró, ẹ wo ìlù ńlá ná, ó lè ti máa tẹ̀ lé agogo. Tí wọ́n bá ń jó ṣùgbọ́n tí ojú wọn le, ẹ ti sáré jù. Tí àwọn ọ̀dọ́ bá ń jó tí àwọn àgbà sì jókòó, ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹ ti fi àrà bo gbólóhùn mọ́lẹ̀, wọn ò gbọ́ ohun tí ìlù ń wí mọ́. Kí gángan padà sí *Ilẹ̀ tutù, òjò rọ̀* lásán, láìfi ohunkóhun kún un.

Ẹ má lò ju ìṣẹ́jú mẹ́fà tàbí méje lọ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá sì fẹ́ jáde, ìparí ìyípo kejì ni, nígbà tí ìlù ńlá fẹ́ padà sórí ọ̀kan. Kí olórí ẹgbẹ́ gbé ọwọ́ sókè lórí *òjò*, kí agogo lu ẹnu ńlá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí ìró mẹ́ta náà, kí wọ́rọ̀ sì wọlé kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tó kan ilẹ̀.